Orí Kẹsàn-án: Ẹnu Agbẹjọ́rò Nígbà Tí Ẹjọ́ Kò Tíì Parí

Ẹni tó bá ti dúró rí níta ilé-ẹjọ́ gíga ní Ìkejà lọ́jọ́ tí ẹjọ́ ńlá bá wáyé á mọ bó ṣe máa ń rí. Adájọ́ á ti sún ẹjọ́ síwájú, àwọn wọ́dà á ti mú olùjẹ́jọ́ wọ ọkọ̀, agbẹjọ́rò á sì yọ jáde, aṣọ dúdú rẹ̀ lọ́rùn, wíìgì lọ́wọ́. Kó tó dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀, àwọn oníròyìn á ti yí i ká, wọ́n á ti na fóònù àti maikirofóònù sí i lẹ́nu. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi í: “Ẹ̀yin lọ́yà, kí lẹ rí sọ sí ọ̀rọ̀ yìí?” Ohun tó bá sọ láàárín ìṣẹ́jú méjì yẹn ni orí yìí dá lé.

Nínú yàrá ìgbẹ́jọ́, ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò ní ìjánu. Bó bá bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè tí kò yẹ, ẹnì kejì rẹ̀ á dìde, á takò ó. Bó bá fẹ́ fa ìwé tí òfin ẹ̀rí kò gbà yọ, adájọ́ á ní kó dá a padà sápò. Níta gbangba, kò sí alátakò, kò sí adájọ́, kò sì sí ẹlẹ́rìí tó búra. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èrò ọjà. Aráàlú mọ̀ pé ó ti ka ìwé ẹ̀sùn, pé ó ti bá olùjẹ́jọ́ tàbí ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, pé ó mọ ohun tí ẹlòmíì kò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi wúwo, ìdí náà sì nìyẹn tí òfin fi ń mú un lẹ́nu ju bó ṣe ń mú oníròyìn lọ.

Etí ta ni à ń ṣọ́?

A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ wo òwe yìí dáadáa. Kò bá ẹni tó ń ròjọ́ wí. Ẹni tó ń gbọ́ ọ ló ń bá wí. Bí mọ̀lẹ́bí bá fẹ́ parí ìjà tọkọtaya, tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó wá kanlẹ̀kùn baálé lóru ọjọ́ tó ṣáájú láti wá ròyìn, baálé tó gbọ́n á ní kó padà sílé, kó dọ̀la níwájú ọkọ. Kì í ṣe pé irọ́ ni ẹ̀gbọ́n yẹn fẹ́ pa. Ó lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ lóru láìsí ẹnì kejì níbẹ̀ máa ń ta gbòǹgbò sínú ọkàn. Èyí tí a bá gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀ á kàn máa wá ibi tí yóò jókòó sí ni.

Etí tí òfin ń ṣọ́ nínú ẹ̀kọ́ yìí nìyẹn. Amẹ́ríkà ni àríyànjiyàn lórí rẹ̀ ti le jù, etí tó sì jẹ wọ́n lógún níbẹ̀ ni ti júrì. Aráàlú ni àwọn júrì, méjìlá lọ́pọ̀ ìgbà nínú ẹjọ́ ọ̀daràn ńlá, tí wọ́n ṣà láti inú àwọn tó ń gbé ní agbègbè náà. Wọn kì í ṣe amòfin. Olùkọ́ lè wà nínú wọn, kí awakọ̀ wà níbẹ̀, kí nọ́ọ̀sì àti oníṣòwò wà níbẹ̀. Àwọn ni yóò sọ bóyá olùjẹ́jọ́ jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi, òfin sì ní ohun tí wọ́n bá gbọ́ nínú kóòtù nìkan ni kí wọ́n fi pinnu.

Òfin ẹ̀rí tún ní àwọn nǹkan tí kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ rárá. Bí ọlọ́pàá bá fi ìyà gba ìjẹ́wọ́ lẹ́nu ènìyàn, adájọ́ ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìjẹ́wọ́ yẹn dé ọ̀dọ̀ júrì. Bí olùjẹ́jọ́ bá ti ṣẹ̀wọ̀n rí nítorí olè, lọ́pọ̀ ìgbà a kì í sọ fún wọn, torí ẹni tó jalè lọ́dún 10 sẹ́yìn lè má mọ nǹkan kan nípa èyí tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Wàyí o, bí agbẹjọ́rò ìjọba bá dúró lẹ́nu ọ̀nà kóòtù, tó wí fún tẹlifíṣọ̀n pé ọkùnrin náà ti jẹ́wọ́ fún àwọn, pé ó sì ti lọ sẹ́wọ̀n rí, kí ló kù? Adájọ́ ti ti ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ gba ojú fèrèsé wọlé.

Ẹjọ́ Dókítà Sheppard

Lọ́jọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1954, wọ́n pa Marilyn Sheppard nínú ilé rẹ̀ ní Bay Village, lẹ́bàá ìlú Cleveland ní ìpínlẹ̀ Ohio. Aboyún ni. Ọkọ rẹ̀, Sam Sheppard, tó jẹ́ dókítà, ní àjèjì kan ló wọlé, tó bá òun wọ̀jà, tó sì lu òun dákú. Àwọn ìwé ìròyìn Cleveland kò gbà á gbọ́, wọn ò sì ní sùúrù dọjọ́ ìdájọ́. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń béèrè, léraléra, pé kí ló fà á tí wọn kò tíì mú un. Inú gbọ̀ngàn eré ìdárayá ilé-ẹ̀kọ́ kan ni wọ́n ti ṣe ìwádìí ikú obìnrin náà, àwọn oníròyìn àti ẹ̀rọ wọn sì gba tábìlì gígùn kan níwájú. Nígbà tí ọjọ́ àtiṣa júrì pé, orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn tí wọ́n pè jáde nínú ìwé ìròyìn, lẹ́tà àti ìpè orí fóònù sì ń rọ́ lọ bá wọn nílé. Adájọ́ tó jókòó lórí ẹjọ́ náà ń du ìbò lóṣù Kọkànlá ọdún yẹn gan-an. Nínú kóòtù, wọ́n gbé tábìlì àwọn oníròyìn sún mọ́ olùjẹ́jọ́ débi pé ó ṣòro fún un láti bá agbẹjọ́rò rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Wọ́n dá a lẹ́bi lóṣù Kejìlá 1954. Ó lo nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́wọ̀n. Ní 1966, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà fagi lé ìdájọ́ náà. Adájọ́ mẹ́jọ fọwọ́ sí i, ẹyọ kan ṣoṣo ló takò. Wọ́n tún ẹjọ́ gbọ́ lákọ̀tun, júrì tuntun sì dá Sheppard sílẹ̀ lóṣù Kọkànlá ọdún kan náà. Kò lò tó ọdún mẹ́rin mọ́ láyé lẹ́yìn náà.

Ìdájọ́ 1966 yẹn, tí Adájọ́ Tom Clark kọ, wúlò fún wa nítorí ibi tó gbé ẹ̀bi kà. Kò ní kí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ ìròyìn pa. Àtúnṣe Kìíní sí ìwé òfin Amẹ́ríkà dáàbò bo oníròyìn, Clark kò sì fọwọ́ kan ìyẹn. Ó ní adájọ́ ìlú Cleveland ni kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀: ó yẹ kó ti pàṣẹ fún àwọn agbẹjọ́rò, ọlọ́pàá, ẹlẹ́rìí àti òṣìṣẹ́ kóòtù pé kí wọ́n ṣọ́ ẹnu wọn, nítorí àwọn ni orísun púpọ̀ nínú ohun tí ìwé ìròyìn ń gbé. Ọ̀nà pín sí méjì láti ibẹ̀. Ohun tí oníròyìn bá ti gbọ́, ó lè kọ ọ́. Ní 1976, ilé-ẹjọ́ yìí kan náà, nínú ẹjọ́ tó wá láti ìpínlẹ̀ Nebraska, kọ̀ láti jẹ́ kí adájọ́ ka ìròyìn ìpànìyàn léèwọ̀ fún àwọn oníròyìn. Agbẹjọ́rò ní tirẹ̀ jẹ́ ìránṣẹ́ kóòtù. Ó ti búra, ó sì ti gba ìwé àṣẹ, a sì lè tìtorí ìwé àṣẹ yẹn ní kó dákẹ́.

Òfin 3.6

Ní 1983, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà, American Bar Association, gbé àwòṣe ìlànà iṣẹ́ jáde fún gbogbo ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló lè gbà á tàbí kó tún un ṣe. Òfin 3.6 nínú rẹ̀ ló kan ọ̀rọ̀ wa. Ohun tó sọ ní èdè tiwa nìyí: bí agbẹjọ́rò tó wà nídìí ẹjọ́ bá mọ̀, tàbí tó yẹ kó mọ̀, pé ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ sọ á dé etí aráàlú, tó sì ṣeé ṣe gidigidi pé kí ọ̀rọ̀ náà pa ìgbẹ́jọ́ lára, kó má sọ ọ́.

Ẹ fojú sí “ó ṣeé ṣe gidigidi” àti “pa lára”. Òfin kò ní kí agbẹjọ́rò má sọ ohunkóhun tí ẹnì kan kò ní fẹ́ràn. Kò sì dá a dúró nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè mú ìtìjú bá ọlọ́pàá tàbí kó bí ìjọba nínú. Ewu náà gbọ́dọ̀ tóbi, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ewu fún ìgbẹ́jọ́, kì í ṣe fún iyì ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó kọ òfin náà mọ̀ pé ìwọ̀n nìkan kò tó, wọ́n tún sọ irú ọ̀rọ̀ tí ó máa ń léwu jù. Ìjẹ́wọ́ ló ṣáájú, bóyá olùjẹ́jọ́ jẹ́wọ́ ni o, bóyá ó kọ̀ láti jẹ́wọ́ ni. Ìtàn ẹ̀wọ̀n rẹ̀ tẹ̀ lé e, àti èsì àyẹ̀wò tàbí kíkọ̀ tó kọ̀ láti ṣe àyẹ̀wò, àti ìwà tàbí òótọ́ inú ẹlẹ́rìí, àti ohun tí agbẹjọ́rò fúnra rẹ̀ rò nípa bóyá ẹni náà jẹ̀bi. Kódà, bí ẹnì kan bá fẹ́ sọ pé wọ́n ti fẹ̀sùn kan ènìyàn, ó yẹ kó fi kún un pé ẹ̀sùn lásán ni, pé a ka onítọ̀hún sí aláìjẹ̀bi títí a ó fi fi ẹ̀rí hàn. Ní apá kejì, ó láǹfààní láti sọ orúkọ ẹ̀sùn, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti mú olùjẹ́jọ́, ọjọ́ tí ẹjọ́ yóò tún wáyé, ohun tó ti wà nínú ìwé tí gbogbo ènìyàn lè kà ní kóòtù, kó sì ké sí aráàlú pé kí ẹni tó bá mọ nǹkan wá sọ. Bí ewu bá wà níta, ó lè kìlọ̀.

Bó ṣe wà lórí ìwé, ó rọrùn. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe rí fún agbẹjọ́rò kan tó gbìyànjú láti pa á mọ́.

Ìpàdé oníròyìn kan ní Las Vegas

Lóṣù Kìíní 1987, àwọn ọlọ́pàá Las Vegas kéde pé kokéènì kílò mẹ́rin àti sọ̀wédowó arìnrìn-àjò tó tó nǹkan bí 300,000 dọ́là ti pòórá nínú àpótí kan ní ilé-iṣẹ́ tó ń bá ènìyàn tọ́jú ohun iyebíye. Àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣiṣẹ́ abẹ́lẹ̀ ló kó ẹrù náà síbẹ̀. Ojú ọ̀nà méjì ni ìfura lè gbà: ó lè jẹ́ ọlọ́pàá, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ni ilé-iṣẹ́. Fún bí ọdún kan, ìwé ìròyìn ń gbé ohun tó ń ti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá wá. Wọ́n ní àwọn ti yẹ àwọn ọlọ́pàá náà wò, ọwọ́ wọn mọ́. Pé wọ́n ti yege níwájú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ irọ́ wò. Pé oníléeṣẹ́ kọ̀ láti jókòó síwájú ẹ̀rọ kan náà. Ẹ padà wo àwọn ohun tí Òfin 3.6 kà sí eléwu. Èsì àyẹ̀wò wà níbẹ̀, kíkọ̀ láti ṣe àyẹ̀wò wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kì í ṣe agbẹjọ́rò, òfin agbẹjọ́rò kò sì mú wọn.

Lóṣù Kejì 1988, wọ́n fẹ̀sùn kan oníléeṣẹ́. Dominic Gentile ni agbẹjọ́rò rẹ̀, àgbà nínú ẹjọ́ ọ̀daràn. Kò pe irú ìpàdé oníròyìn bẹ́ẹ̀ rí láyé iṣẹ́ rẹ̀. Kó tó pè é, ó jókòó ti òfin Nevada, Òfin 177, tó jẹ́ ọmọ Òfin 3.6, ó kà á. Ó ṣírò pé ó ku nǹkan bí oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó ṣa júrì, pé inú àwọn ènìyàn tó lé ní 600,000 ni wọn yóò ti ṣà wọ́n. Ó rí i pé abala kan nínú òfin náà fún òun láṣẹ láti sọ irú ìdáhùn tí oníbàárà òun ní sí ẹ̀sùn, bí òun kò bá ti tú u palẹ̀. Ó wá jáde sí wọn. Ó ní nígbà tí ẹjọ́ bá dé kóòtù, ẹ̀rí yóò fi hàn pé oníbàárà òun kò mọwọ́ mẹsẹ̀, pé ọlọ́pàá kan ló wà nípò àtijí ẹrù náà jù, pé ṣe ni wọ́n fẹ́ di ẹrù náà ru oníbàárà òun. Ó tún ní àwọn kan nínú àwọn tó ń ráhùn pé ohun ìní àwọn sọnù níbẹ̀ jẹ́ ẹni tí a mọ̀ mọ́ oògùn olóró. Nígbà tí àwọn oníròyìn fẹ́ kó ṣàlàyé síwájú sí i, ó kọ̀ léraléra, ó ní ìlànà iṣẹ́ òun kò gbà á.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, wọ́n ṣa júrì. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó ní òun rántí Gentile tàbí ìpàdé rẹ̀ pẹ̀lú oníròyìn. Wọ́n dá oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀ lórí gbogbo ẹ̀sùn. Lẹ́yìn èyí ni ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò Nevada wá pe Gentile lẹ́jọ́. Wọ́n ní kí wọ́n bá a wí ní kọ̀rọ̀, ìbáwí tó kéré jù lọ, èyí tí aráàlú kò ní gbọ́. Ó lè gbà á, kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò gbà á. Ó gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Nevada, ó pàdánù. Ó gbé e lọ sí Washington.

Ìdájọ́ náà jáde lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹfà 1991, akẹ́kọ̀ọ́ sì gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ kà á, nítorí ìdájọ́ méjì ló wà nínú rẹ̀, márùn-ún sí mẹ́rin lẹ́ẹ̀mejèèjì. Lórí ìbéèrè àkọ́kọ́, Adájọ́ Àgbà William Rehnquist àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́rin gbà pé ìwọ̀n “ó ṣeé ṣe gidigidi” kò ta ko òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ, pé a lè mú agbẹjọ́rò lẹ́nu ju aráàlú lọ. Lórí ìbéèrè kejì, Adájọ́ Anthony Kennedy àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́rin gbà pé òfin Nevada ṣókùnkùn jù: ó fún agbẹjọ́rò láṣẹ láti sọ ìdáhùn oníbàárà rẹ̀, kò sì sọ ibi tí sísọ ti di títú palẹ̀. Ẹni tó ka òfin tó sì sapá láti pa á mọ́ kò yẹ kó bọ́ sínú ọ̀fìn tó wà nínú òfin náà fúnra rẹ̀. Adájọ́ Sandra Day O'Connor nìkan ló wà ní ẹgbẹ́ tó borí nígbà méjèèjì. Gentile bọ́, ìwọ̀n “ó ṣeé ṣe gidigidi” dúró.

Kennedy tún sọ ohun kan tí àwọn mìíràn kò fọwọ́ sí tó láti di òfin, èyí tí èmi sì gbà pé òun ni ọkàn ọ̀rọ̀ yìí: iṣẹ́ agbẹjọ́rò kò bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kóòtù. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ń pàdánù iṣẹ́, ó ń pàdánù oníbàárà, ojú ń ti àwọn ọmọ rẹ̀ nílé-ìwé, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Bí ìjọba bá ti fi ọdún kan sọ tirẹ̀, tí agbẹjọ́rò rẹ̀ ò sì lè dáhùn fún wákàtí kan, kí la wá ń dáàbò bò? Òfin tó fẹ́ ṣọ́ etí kò gbọdọ̀ di òfin tó fi etí náà lé apá kan lọ́wọ́.

Ìdájọ́ yìí kò wọlẹ̀ lásán. Ní 1994, American Bar Association tún Òfin 3.6 kọ. Wọ́n yọ gbólóhùn tó kó Gentile sí wàhálà, wọ́n sì fi ẹ̀tọ́ ìdáhùn kún un: bí ìròyìn tí agbẹjọ́rò tàbí oníbàárà rẹ̀ kò dá sílẹ̀ bá ń ba oníbàárà náà jẹ́, ó lè sọ̀rọ̀ láti fi gbà á lẹ́nu rẹ̀, kó ṣáà má kọjá ohun tó pọn dandan. Ọdún yẹn náà ni wọ́n fi ìkìlọ̀ àkànṣe kún Òfin 3.8 fún agbẹjọ́rò ìjọba, pé kó yẹra fún ọ̀rọ̀ tí yóò dá kún ìkórìíra aráàlú sí olùjẹ́jọ́; òfin náà ti ní tẹ́lẹ̀ pé kó sapá kí àwọn ọlọ́pàá tó ń bá a ṣiṣẹ́ má bàa sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ.

Nígbà tí ìjọba ló ń sọ̀rọ̀

Ìkìlọ̀ yẹn kò dí Mike Nifong lọ́wọ́. Òun ni agbẹjọ́rò ìjọba ní Durham, North Carolina, ní 2006, nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní Yunifásítì Duke tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lacrosse. Ó ń du ìbò lákòókò náà. Ó bá oníròyìn sọ̀rọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ó ní ó dá òun lójú pé wọ́n ṣe é, ó bú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, ó sì bẹnu àtẹ́ lu bí wọn kò ṣe sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin fún ẹni tí wọ́n ń fura sí láṣẹ láti dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló hàn pé kò kó gbogbo èsì àyẹ̀wò DNA tó ń gbè wọ́n lẹ́yìn lé àwọn agbẹjọ́rò wọn lọ́wọ́. Lóṣù Kẹrin 2007, Roy Cooper, olórí agbẹjọ́rò ìjọba ìpínlẹ̀ náà, fagi lé ẹ̀sùn náà, ó sì kéde pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò jẹ̀bi. Lóṣù Kẹfà, wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ Nifong. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún oníròyìn àti ẹ̀rí tó fi pamọ́ wà nínú ohun tí wọ́n torí rẹ̀ gbà á.

Ẹ gbé Gentile àti Nifong sórí òṣùwọ̀n kan. Àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ kí júrì tó jókòó. Gentile ń gbèjà ẹni tí ìjọba kọjú ìjà sí. Nifong ni ìjọba fúnra rẹ̀: òun ló ní ọlọ́pàá lẹ́yìn, òun ló ní ilé àyẹ̀wò, òun ló lè sọ pé kí wọ́n fẹ̀sùn kàn ọ́ tàbí kí wọ́n fi ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá sọ pé ìwọ ni, ìlú ti dá ẹjọ́ tán. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé kò yẹ kí ìjánu ẹnu agbẹjọ́rò ìjọba àti ti agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ le bákan náà.

Nílé wa ńkọ́?

Nàìjíríà kò lo júrì mọ́. Adájọ́ nìkan ló ń gbẹ́jọ́, òun ló ń sọ ẹni tó jẹ̀bi, òun ló sì ń sọ iye ọdún ẹ̀wọ̀n. Àwọn kan máa ń ti ibẹ̀ jiyàn pé a kò nílò irú òfin yìí, torí adájọ́ mọ bí a ṣe ń yọ ẹ̀rí kúrò nínú ariwo. Ó mọ̀ ọ́n dé àyè kan. Ènìyàn ṣáà ni, ó ń ka ìwé ìròyìn, ó ní fóònù. Àwọn ẹlẹ́rìí ńkọ́, tí wọn kì í ṣe amòfin? Ẹlẹ́rìí tó ti gbọ́ lórí rédíò pé ọkùnrin báyìí ló wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn lè wá dé kóòtù kó máa “rántí” ojú tí kò rí.

Òfin 33 nínú ìlànà iṣẹ́ àwọn agbẹjọ́rò tó jáde ní 2007, kí ti 2023 tó rọ́pò rẹ̀, ló kọ́kọ́ yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ̀. Ó ní nígbà tí ẹjọ́ bá ń bọ̀ lọ́nà tàbí tó wà nílé-ẹjọ́, agbẹjọ́rò tó wà nídìí rẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ níta tí a fi pète láti dí ìgbẹ́jọ́ òtítọ́ lọ́wọ́, tàbí tó lè dí i lọ́wọ́ lójú ẹni tó ní làákàyè. Ó kan ìdájọ́, ó kan ìjìyà, kò sì mọ sórí ẹjọ́ ọ̀daràn. Ìwé òfin 1999 náà ṣílẹ̀kùn fún irú òfin bẹ́ẹ̀: abala 36 sọ pé aláìjẹ̀bi ni olùjẹ́jọ́ títí a ó fi fi ẹ̀rí mú un, abala 39 fún wa ní òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ, ó sì gbà kí òfin dín in kù láti dáàbò bo àṣẹ ilé-ẹjọ́. Yàtọ̀ sí ìlànà iṣẹ́, abala 133 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò níhìn-ín ní gúúsù kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni, agbẹjọ́rò tàbí aráàlú, sọ tàbí kọ ohun tó lè mú kí ènìyàn gbè sẹ́yìn apá kan tàbí kó kẹ̀yìn sí i nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́.

Ẹ fi “tó lè dí i lọ́wọ́” tiwa wé “ó ṣeé ṣe gidigidi” tiwọn. Tiwa gbòòrò jù. Púpọ̀ ni ọ̀rọ̀ tó “lè” dí ìgbẹ́jọ́ lọ́wọ́ tí kò sì ní dí i. Òfin 33 kò to ohun tí ó ṣeé sọ lẹ́sẹẹsẹ, kò sì mẹ́nu ba ẹ̀tọ́ ìdáhùn. Agbẹjọ́rò tó bẹ̀rù á dákẹ́, èyí tí kò bẹ̀rù á máa sọ ohun tó wù ú. Nínú ilé-iṣẹ́ tí èmi ti kọ́ṣẹ́, ọ̀gá wa máa ń sọ fún wa pé “ẹjọ́ wà ní kóòtù” ni kí a máa fi dá gbogbo oníròyìn lóhùn. Mo gbà á nígbà náà. Lọ́jọ́ kan, ìyá oníbàárà wa kan jókòó síwájú mi, ó ń sunkún pé gbogbo àdúgbò ti gbọ́ ohun tí ọlọ́pàá sọ, kò sì sí ẹni tó gbọ́ pé ọmọ òun ní òun kò ṣe é. Gbólóhùn kan péré ni ìyá yẹn fẹ́. Òfin kò ní kí n má sọ ọ́. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́.

Àṣà tó burú jù lọ́dọ̀ wa kò tilẹ̀ ti ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò wá. Ìtò afurasí síwájú kámẹ́rà ni: wọ́n á ní kí wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n á gbé ìbọn tàbí owó síwájú wọn, agbẹnusọ ọlọ́pàá á sì sọ pé “àwọn ọ̀daràn” tí ọwọ́ tẹ̀ nìyí. Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ wọn kò tíì pé. Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin ka àṣà yìí léèwọ̀ fún ọlọ́pàá ní 2021, nígbà tí wọ́n ṣàtúnṣe sí òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn wọn. Níbi tí irú òfin bẹ́ẹ̀ kò bá sí, tàbí tí wọn kò tẹ̀ lé e, ẹ̀tọ́ ìdáhùn tí Gentile jà fún kì í ṣe ọ̀ràn Amẹ́ríkà nìkan.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Agbẹjọ́rò kan ní Abẹ́òkúta ń gbèjà akápò iléeṣẹ́ tí wọ́n fẹ̀sùn ìkówójẹ kàn. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ìgbẹ́jọ́, ó kọ ọ́ sórí Facebook pé ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ ìjọba jẹ gbèsè, pé gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n sí òpùrọ́. Ṣé ó rú Òfin 33? Bó bá jẹ́ Nevada ni, tó sì ku oṣù mẹ́fà sí ìgbẹ́jọ́, ṣé ìdáhùn yín á yí padà?

2. Ka ọ̀rọ̀ tí Gentile sọ fún oníròyìn lẹ́ẹ̀kan sí i. Èwo nínú rẹ̀ ni ẹ máa fi sílẹ̀, èwo ni ẹ máa yọ, bí ẹ bá jókòó sí àyè rẹ̀ kí ìpàdé yẹn tó wáyé?

3. Afurasí kan wà ní àhámọ́. Ọlọ́pàá ti tò ó síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì ti sọ pé ó jẹ́wọ́. Ó sọ fún yín pé wọ́n lù ú kó tó fọwọ́ sí ìwé náà. Oníròyìn kan pè yín lórí fóònù. Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹ máa sọ fún un.